Dókítà tí ó wọ ilé Olóde: Ògúntọ́lá Sápárà

Bí ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ ti mọ̀, àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ayé wọn tún ayé ẹlòmíràn ṣe ni a máa ń sọ ìtàn wọn ní abala yìí. Lóṣù yìí, ìtàn dókítà kan ni mo gbé wá. Ọmọ Yorùbá ni. Èkó ni ó ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jà kò mọ ààlà tí àwọn aláwọ̀ funfun fi pín wa. Ó dé Kétu, ó dé Àjàṣẹ́, ó dé Dasà, ó dé ààfin Àbọ̀mé pàápàá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìyá mi àgbà.

Ìyá tí ó bí ìyá mi, ọmọ Kétu ni. Ihò wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé irú ilà kan ni wọ́n kọ fún un, mo sì máa ń fi ìka mi ka àwọn ihò náà nígbà tí ó bá gbé mi lé itan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo bi í pé ta ni ó ṣe é lójú bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá ni ó kọjá lára mi." Mo ní, "Bàbá wo?" Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní a kì í pe orúkọ rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn bá mú. Ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtàn náà fún mi: ọmọ mẹ́rin ni ìyá wọn bí, ọ̀kan ṣoṣo ni Bàbá fi sílẹ̀. Wọn kò sunkún àwọn mẹ́ta tí ó lọ, nítorí èèwọ̀ ni. Ọpẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n máa dá. Àwọn àwòrò ni ó sin òkú wọn, àwọn náà ni ó sì kó ẹní, aṣọ àti ohun gbogbo tí ó wà nínú yàrá náà lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ àìsàn yìí mọ́. Àwọn Faransé ń pè é ní variole. Àwọn bàbá wa ń pè é ní ìgbóná, ilẹ̀ẹ́gbóná tàbí olóde. Òrìṣà tí wọ́n gbà pé ó ni ín ni Ṣànpọ̀nná, tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Ọbalúayé. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Sakpata, ìtàn wọn sì fi yé wa pé láti ilẹ̀ Dasà, lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá, ni ìsìn rẹ̀ ti dé Àbọ̀mé ní ayé ọba Agaja. Àìsàn náà kò bọ̀wọ̀ fún adé: ní 1789, òun ni ó pa Kpengla, ọba Àbọ̀mé. Ibà líle ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara yóò sú, tí eéwo kéékèèké tí ó kún fún ọyún yóò bo ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò sí oògùn tí ó ń wò ó. Ẹni tí ó bá là á já yóò gbé àpá rẹ̀ dé isà òkú, ojú àwọn mìíràn a sì fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì là á já, kì í sábà ṣe é mọ́. Ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yìí sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn wa dúró lé.

Dókítà tí mo ń sọ ni Ògúntọ́lá Sápárà. Ìlú Freetown, ní Sàró, ni wọ́n ti bí i ní 1861. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ẹ̀gbá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá ti pàdé. Ogun abẹ́lé ọgọ́rùn-ún ọdún náà kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú láti ìlú dé ìlú. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí òkun, Freetown ni wọ́n ń já wọn sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti gba ìgbàgbọ́, tí wọ́n ti rán ọmọ níléèwé, tí wọ́n sì ti sọ ọmọ ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá Sápárà wà lára àwọn tí a dá nídè bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ni Alexander Johnson Williams.

Nígbà tí ọ̀nà ilé là, ọ̀pọ̀ àwọn Sàró padà sí Èkó, ìdílé yìí sì bá wọn padà. Ẹ wo ohun tí ilé kan lè mú jáde. Christopher, ẹ̀gbọ́n Ògúntọ́lá, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní London, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1879. Òun ni agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, òun náà ni ìwé ìtàn ń pè ní Sapara Williams. Ẹni tí wọ́n tà bí ẹrù bí agbẹjọ́rò, ó tún bí dókítà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá ń sọ fún ara rẹ̀ pé ibi tí òun ti wá ti dí ọ̀nà fún òun, kí ó tún gbólóhùn yẹn kà.

Ọ̀nà àbúrò kò rọrùn bí ti ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Ògúntọ́lá kọ́kọ́ kọ́ ní Èkó, lẹ́yìn rẹ̀ ni ó lọ kọ́ṣẹ́ pípo oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ti kúrò ní ọmọdé dáadáa kí ó tó rí ọ̀nà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Thomas ní London, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Edinburgh àti Glasgow ní 1895. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1896, ó wọṣẹ́ ìjọba ní Èkó gẹ́gẹ́ bí dókítà.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé lọ sí iléèwé kọ́ ni ìtàn fi mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ Alexander àti Williams sílẹ̀, ó sì di Ògúntọ́lá Sápárà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní 1894, oníwàásù kan tí ń jẹ́ David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mójọlá Àgbẹ́bí, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó mìíràn sì ṣe irú rẹ̀. Wọ́n wọ ilé ìwé òyìnbó, wọ́n gba ohun tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì jáde pẹ̀lú orúkọ baba wọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ iléèwé Faransé, tí wọ́n fi orúkọ ẹni mímọ́ inú kàlẹ́ńdà kọ sínú ìwé ìbí mi, n kò lè ka apá yìí láì ronú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí gbogbo wa lọ yí orúkọ padà ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́la. Ohun tí mo ń sọ ni pé Sápárà kò rí ìmọ̀ ìṣègùn àti orúkọ Ìjẹ̀ṣà bí ọ̀tá ara wọn. Ní ojú tèmi, ìdí nìyẹn tí ó fi lè ṣe ohun tí kò sí dókítà òyìnbó tí ó lè ṣe.

Ní 1897, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní etí ọ̀sà, ní ìlà-oòrùn Èkó. Ìjọba ní àjẹsára. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Edward Jenner, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn ní 1796 pé bí a bá ha ara ènìyàn díẹ̀, tí a sì fi omi inú eéwo màlúù sí i, ẹni náà yóò ṣe àìsàn tí kò tó nǹkan, ìgbóná kò sì ní í mú un mọ́. Ṣùgbọ́n láti òkèèrè ni àjẹsára náà ń ti wá, oòrùn ilẹ̀ wa sì ń ba á jẹ́ lójú ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn yóò gbà á lásán. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ènìyàn ń sá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn alájẹsára ń bọ̀, abúlé yóò dá, ìyá yóò gbé ọmọ wọ igbó.

Òyìnbó sọ pé àìmọ̀kan ni. Sápárà mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹni tí ó gbà pé ọba kan wà tí ó ni ayé, tí ọba náà sì ń fi eéwo sàmì sí ẹni tí ó bá wù ú, báwo ni yóò ṣe jẹ́ kí àjèjì fi abẹ sí ọmọ òun lára láti fi tako ọba náà? Ẹ̀rù yẹn ní olùṣọ́. Àwọn àwòrò Olóde ni wọ́n ń sọ ẹni tí Bàbá bínú sí, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, àwọn ni wọ́n ń sin òkú, àwọn ni wọ́n sì ń jogún ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn àfi ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, Sápárà wọ̀ ọ́. Ó fi ipò dókítà ìjọba pamọ́, ó lọ di ọmọ awo láàárín wọn, ó sì kọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ awo. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin náà: ẹni tí ó ti jókòó nínú kíláàsì ní Edinburgh, tí ó jókòó báyìí nínú iyàrá òkùnkùn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n gbà pé ìṣírò ikú àti ìyè wà lọ́wọ́ wọn. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú, kò sí sójà tí yóò sáré dé bá a. Ohun tí ó jábọ̀ nígbà tí ó jáde ni pé àwọn kan lára àwọn àwòrò náà ń ha èépá ara àwọn tí ìgbóná mú, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, wọ́n sì ń fi í ran ẹlòmíràn. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n ń gbin àìsàn tí àwọn fúnra wọn yóò tún wá kórè rẹ̀. Lórí ìròyìn rẹ̀ àti akitiyan rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣòfin lẹ́yìn náà tí ó ka ìsìn Ṣànpọ̀nná léèwọ̀.

Mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì mi ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu níbí. Mo rò pé wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè. Ilé tí wọ́n ti ń bọ Sakpata ni wọ́n ti bí i, kò sì fi í pamọ́ rí. Ó ní, "Monsieur, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ ni dókítà yìí? Ó mulẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó sì lọ tú àṣírí wọn fún òyìnbó. Bàbá mi ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́." Kíláàsì dákẹ́. N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìtàn tí mo sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Mo gbé e yẹ̀ wò láti ìhà méjèèjì, bí ó ṣe yẹ kí olùkọ́ ṣe.

Ìhà kìíní ni ti ọmọkùnrin náà, ó sì ní òtítọ́ nínú ju bí ó ti mọ̀ lọ. Ìmọ̀ kan wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Ní 1721, ìgbóná jà ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ẹrú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ni ó ṣàlàyé fún olówó rẹ̀, pásítọ̀ Cotton Mather, pé ní ìlú òun, wọ́n máa ń fi díẹ̀ nínú ọyún aláìsàn sí ojú ọgbẹ́ kékeré lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, pé wọ́n ti ṣe é fún òun, àti pé ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún kì í kú ikú ìgbóná. Dókítà kan ní ìlú náà, Zabdiel Boylston, dán an wò. Nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ ó lé mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún (5 889) ènìyàn tí àìsàn náà mú fúnra rẹ̀, 844 ni ó kú. Nínú àwọn tí ó lé ní 240 tí Boylston fi ọgbọ́n Onesimus tọ́jú, ènìyàn mẹ́fà péré ni ó kú. Àpá wà lára Onesimus kí Jenner tó dé ayé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òfo ni ọwọ́ àwọn baba wa nígbà tí òyìnbó dé.

Ìhà kejì ni ti Sápárà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọgbọ́n Onesimus àti àjẹsára Jenner, ìyàtọ̀ náà sì kì í ṣe kékeré. Ohun tí ń bẹ nínú èépá ìgbóná jẹ́ ìgbóná gan-an. Ẹni tí wọ́n fi sí lára lè là á já pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ó lè kó o ran ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀, tiwọn yóò sì le koko. Nítorí náà ni wọ́n fi ní láti ya ẹni náà sọ́tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí a bá ṣe é ní gbangba pẹ̀lú ìṣọ́ra, oògùn ni. Bí a bá ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀bẹ ni, ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ni ó kù. Ìmọ̀ kan náà tí ó gba ènìyàn là ní Boston nígbà tí ẹrú kan là á yé gbogbo ayé, òun ni ó di ohun ìpakúpa nígbà tí àwọn díẹ̀ sọ ọ́ di àṣírí tí wọ́n ń jẹ lórí rẹ̀. Nínú èrò mi, àṣírí ni Sápárà dà. Kò da àwọn baba rẹ̀.

Mo mú èsì yìí lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì. Kí n tó parí, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí. Ó ní ní 2020, nígbà tí kòrónà dé, bàbá òun kò jẹ́ kí àwọn dì mọ́ òun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń bọ́ aṣọ, níbẹ̀ ni ó ti ń wẹ̀, yàrá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ni ó sì ń sùn. Láti ojú fèrèsé ni ó ti ń wo iṣẹ́ ilé àwọn. Ó ní, "Gbogbo yín ń bèèrè bóyá dókítà yẹn da àwọn àwòrò. Èmi ń ronú nípa ilé tí ó padà sí. Ta ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un?"

Mo jẹ́wọ́ pé n kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, iṣẹ́ Sápárà ni wọ́n kọ, wọ́n kọ ọjọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí àti ọjọ́ tí ó gba oyè. Ṣùgbọ́n dókítà kì í dá nìkan fi ara rẹ̀ wewu. Aṣọ tí ó wọ̀ wọ ilé ìgbóná ni ó wọ̀ padà. Ìgbóná lè lẹ̀ mọ́ aṣọ àti ẹní, ìdí nìyẹn tí ẹrù òkú olóde fi léwu bẹ́ẹ̀. Gbogbo dókítà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn ti fi ìdílé rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ láì sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a máa rántí èyí nígbà tí a bá jókòó sí ilé ìwòsàn tí inú sì ń bí wa nítorí pé dókítà pẹ́ kí ó tó dé.

Ohun tí Sápárà gbà lẹ́nu iṣẹ́ kò tó ohun tí ó fi sílẹ̀. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ oníṣègùn kan sílẹ̀ fún àwọn ìlú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ìran Yúróòpù má ṣe wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú, bí ìwé wọn ti wù kí ó pọ̀ tó, wà lábẹ́ òyìnbó tí ó kéré jù, owó oṣù wọn sì kéré. Ní ọ̀dọ̀ wa, lábẹ́ Faransé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibi kan náà: iléèwé ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1918 ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ìwòsàn, ṣùgbọ́n "olùrànlọ́wọ́ dókítà" ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde. Félix Houphouët-Boigny, tí ó di ààrẹ Côte d'Ivoire, gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀ ní 1925. Sápárà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ títí di 1928. Lẹ́yìn ìgbóná, ó dojú kọ ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ilé híhá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ní Èkó. Ó jà fún ìtọ́jú àwọn aboyún àti fún ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lórí ewé àti egbò àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, nítorí kò fi ìgbà kankan sọ pé gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ó burú. Ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 1923. Ó kú ní 1935.

Ṣé òfin tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pa ìgbóná? Rárá. Òfin lè ti ilẹ̀kùn ilé òrìṣà, kò lè ti ilẹ̀kùn ọkàn. Ìsìn náà wọ inú ilé lọ, ìgbóná sì ń pa ènìyàn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ó tẹ̀ lé ikú Sápárà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi àgbà àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣì kó sí i lọ́wọ́. Ohun tí ó pa á ni àjẹsára gbígbẹ tí oòrùn kò lè bà jẹ́, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé e láti ilé dé ilé. Ní 1967, iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ogún ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Dahomey, tí a ń pè ní Benin láti 1975, wà lára wọn. Wọn kò dúró de ìgbà tí wọn yóò fún gbogbo ènìyàn ní àjẹsára tán. Ibikíbi tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìgbóná bẹ́, wọn yóò sáré lọ, wọn yóò sì fún gbogbo ẹni tí ó yí aláìsàn náà ká ní àjẹsára, bí ẹni tí ó gé koríko yí iná ká. Nígbà tí 1970 fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fún ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ènìyàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe é ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Nàìjíríà. Ní 1977, ó parí ní Sòmálíà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún 1980, gbogbo ayé kéde pé ìgbóná ti kúrò ní ilé ayé. Nínú àwọn àìsàn tí ń bá ènìyàn jà, òun nìkan ni a tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lé lọ.

Àwọn tí ń bọ Sakpata ṣì wà láàárín wa, wọ́n sì ń jó ní gbangba ní oṣù kìíní. Mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìgbóná lọ, òrìṣà kò lọ. Èyí fi hàn pé ìsìn náà kì í ṣe àìsàn náà, àti pé ẹni tí ó sìn ín tọkàntọkàn kò nílò èépá ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wá ilé tuntun. Ó ti kúrò nínú iyàrá àwọn àwòrò, ó ti wọ inú fóònù wa. Ní oṣù kẹrin 2024, orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àjẹsára ibà, àìsàn tí gbogbo ilé ní Kútọnu mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, nínú ọjà Dantokpa àti lórí sẹ̀míjàn, pé wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ wa di àgàn. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Òun náà jẹ́ àṣírí tí ẹnìkan ń jẹ lórí rẹ̀. Bí dókítà bá wá sí àdúgbò, tí ó sì bínú, tí ó pè wá ní aláìmọ̀kan, kò ní í rí ẹnikẹ́ni fún ní abẹ́rẹ́. Kí ó jókòó ni ó tọ́, kí ó gbọ́ ohun tí ń bẹ̀rù wa, kí ó sì fi èdè wa dáhùn. Sápárà wọ ilé ẹ̀rù kí ó tó bá a jà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ayé rẹ̀, ó sì tóbi fún olùkọ́ àti òbí bí ó ti tóbi fún dókítà.

Ọmọkùnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè náà sọ fún mi ní ọjọ́ tí a gba ìsinmi pé òun fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ mọ̀. Ó ní bàbá òun ní kí òun lọ, kí òun má ṣe tijú ilé tí òun ti wá, kí òun sì padà wá sọ ohun tí òun bá kọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni òun yóò sọ fún un, láì fi ọ̀kan pamọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ mú ìwé àjẹsára rẹ̀ jáde lálẹ́ òní, kí ẹ wo èyí tí ó kù. Bí ìyá àgbà kan bá sì wà nílé tí ihò wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè, nítorí àwọn tí ó kù kò pọ̀ mọ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀.